Mo kúrú, kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ga: kí ni kí n ṣe sí síìtì àti hándùlù ẹ̀?

OníFíìdì_Ìgbógbó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará ibí. Mo ní ìbéèrè, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé ẹ máa ṣe é náà. Fíìdì adìyẹ ni mò ń tà ní Ìgbógbó níbí, Odogunyan la ti ń rà á, mo sì máa ń gbé e lọ fáwọn tó ń sin adìyẹ lápá Gbẹ̀rìgbẹ̀ àti Imọta. Kẹ̀kẹ́ akẹ́rù la fi ń kó o, èyí tí iwájú ẹ̀ rí bí ọ̀kadà gangan, tó ní táǹkì láàárín itan, tó ní jíà ẹsẹ̀, tó wá ní bọ́dì lẹ́yìn. Kì í ṣe Márúwá o, torí ìgbà tí mo kọ́kọ́ béèrè níbòmíì, Márúwá ni gbogbo wọn ń sọ fún mi.

Ọkọ mi ló ń gùn ún tẹ́lẹ̀. Èèyàn gíga ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ó wá ríṣẹ́ sí Àgbádárìgì láti bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé, ni kẹ̀kẹ́ bá di tèmi. Èmi yìí, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti íǹṣì mọ́kànlá ni mí, ká má sì tíì yọ ti bàtà kúrò.

Tọ́nà bá ń lọ tààrà kò sí wàhálà. Ibi tọ́rọ̀ ti ń le ni tí mo bá fẹ́ yípo lójú títì, pàápàá pẹ̀lú ẹrù. Bí mo bá ti yí hándùlù sápá òsì báyìí, ọwọ́ ọ̀tún mi á máa sá lọ síwájú, mo máa ń nà tẹ̀ lé e títí ìdí mi á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lórí síìtì, lọ́sẹ̀ tó kọjá bí mo ṣe ń nà yẹn ni ọwọ́ mi ṣe fún un níná láìmọ̀, kẹ̀kẹ́ fò síwájú, ọpẹ́lọpẹ́ pé ọkọ̀ tó wà níwájú mi ti ṣí. Bíréèkì ẹsẹ̀ náà, orí ìka ẹsẹ̀ ni mo fi ń kàn án. Tó bá dalẹ́, àárín èjìká mi méjèèjì á máa ro mí bíi pé mo gúnyán fún gbogbo àdúgbò.

Mo ti kọ́kọ́ gbé e lọ bá wẹ́dà kan. Ó ní síìtì ló ga jù torí pé mo kúrú. Ó bẹ́ ẹsẹ̀ irin tí síìtì jókòó lé, ó tún ní kí wọ́n gé fóòmù ẹ̀, ó ku bí ìbú ìka méjì. Owó ti lọ, ara ò sì tù mí, kódà ó tún burú sí i. Hándùlù ti wá bá mi láyà báyìí, irin tó dábùú gíláàsì iwájú sì bọ́ sójú mi gan-an, àfi kí n tẹrí ba tàbí kí n nàrùn bí àgùfọn kí n tó rí kòtò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kúrú tẹ́ ẹ ń gùn ún, kí lẹ ṣe sí tiyín? Ẹ gbà mí.

Ṣọ́ọ̀bù_Ẹbúté

Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì adìyẹ. Àǹtí tó ń bọ́ adìyẹ ló wá jẹ́ abẹ́rẹ́ fúnra wọn 😂 Ẹ má bínú. Ẹ wá ìrọ̀rí kan fi sẹ́yìn yín kó máa tì yín síwájú. Ó parí.

Akẹ́rù_Ágíríìkì

Ìrọ̀rí kẹ̀? Tó bá yọ́ bọ́ lójú ọ̀nà ńkọ́. Ẹ tà á kẹ́ ẹ ra Márúwá jàre.

OníFíìdì_Ìgbógbó

Ẹ ti rí nǹkan tí mo wí àbí ẹ ò rí i.

Ìyá_Ẹlẹ́ja_Ẹ̀pẹ́

Àbúrò mi, ẹ kú àfaradà. Èmi náà kúrú, mi ò rò pé mo jù yín lọ, ọdún karùn-ún rèé tí mo ti ń fi irú kẹ̀kẹ́ yìí gbé kúlà ẹja láti ọjà Olúwo. Ẹ jẹ́ n sọ nǹkan tó pẹ́ kó tó yé èmi náà.

Ọ̀kadà ló kọ́ wa pé kẹ́sẹ̀ tólẹ̀. Ẹni tó kúrú tó fẹ́ gun ọ̀kadà, ohun tó kọ́kọ́ máa ń bà á lẹ́rù ni pé tóun bá dúró ṣé ẹsẹ̀ òun á tólẹ̀, torí tí kò bá tólẹ̀ wọ́n á jọ ṣubú ni. Kẹ̀kẹ́ ò béèrè ìyẹn lọ́wọ́ yín, ó ń dá dúró, kódà tẹ́ ẹ bá sùn lórí ẹ̀. Ẹni tó bẹ́ síìtì yín, iṣẹ́ ọ̀kadà ló ṣe sórí kẹ̀kẹ́. Ọwọ́ lẹjọ́ wà. Ọ̀kadà, tó bá ti ń sáré díẹ̀, èèyàn á kàn tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, hándùlù ò ní yí púpọ̀. Kẹ̀kẹ́ ò mọ títẹ̀, agbára ọwọ́ la fi ń yí i, a sì máa ń yí i gan-an ni. Bẹ́ ẹ bá wá ń yí i sósì, ọwọ́ ọ̀tún ló ń jìnnà sí yín. Ọwọ́ ọ̀tún la ń wà ní Nàìjíríà (bàbá mi ò yéé sọ ti 1972 tí wọ́n yí i kúrò lósì, bí àwọn èèyàn ṣe ń dojú kọ ara wọn), torí náà gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ yípo, òsì lẹ máa yí i sí. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn ló sì ní iná, ìyẹn ibi tá a máa ń yí kí kẹ̀kẹ́ lè sáré, òun náà ló tún ní bíréèkì iwájú. Ẹ wá wò ó, ibi tó yẹ kọ́wọ́ yín ti múlẹ̀ jù, ibẹ̀ gan-an ló ti ń já.

Ẹ ṣe báyìí kẹ́ ẹ tó náwó míì. Ẹ paná kẹ̀kẹ́, ẹ jókòó bẹ́ ẹ ṣe máa ń jókòó, kẹ́ ẹ fẹ̀yìn ti ibi tẹ́ ẹ máa ń fẹ̀yìn tì, kẹ́nì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó máa wò yín. Ẹ yí hándùlù sósì títí kò fi ní yí mọ́. Tí ìgùnpá ọ̀tún bá nà gbọnrangandan, tàbí tẹ́yìn yín kúrò níbi tó wà, ó jìnnà jù nìyẹn, kí onítọ̀hún wá fi téèpù wọn iye íǹṣì tó kù kí ìgùnpá tó lè tẹ̀ díẹ̀. Lẹ wá yí i sọ́tùn-ún kẹ́ ẹ wo òsì náà torí kílọ́ọ̀ṣì ló wà níbẹ̀. Iye íǹṣì yẹn lẹ ń wá, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fojú díwọ̀n fún yín mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìrọ̀rí tí àbúrò yẹn sọ, ẹ má fi rẹ́rìn-ín o, ibẹ̀ lèmi ti bẹ̀rẹ̀. Ìrọ̀rí ọmọ mi ni mo fi ọ̀já so mọ́ irin ẹ̀yìn síìtì, mo lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, mo wá mọ̀ pé íǹṣì mẹ́rin ni mo nílò. Lẹ́yìn náà ni mo wá lọ bá àwọn tó ń rán síìtì, wọ́n fi píláńkì pẹlẹbẹ sínú, fóòmù líle lórí ẹ̀, wọ́n fi awọ síìtì bò ó, wọ́n fi bọ́ọ̀tì dè é mọ́ irin ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kó kan yín níbàdí dáadáa, kó má jẹ́ èjìká nìkan ló ń tì.

Ṣọ́ọ̀bù_Ẹbúté

Ẹ ṣeun ìyá mi. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n mọ̀ pé ọlọ́gbọ́n lèmi náà.

Wẹ́dà_Sábó

Ẹni tó bẹ́ ẹsẹ̀ síìtì yẹn ti kó bá gbogbo wa, ojú burúkú lẹ máa máa fi wo wẹ́dà báyìí. Wẹ́dà lèmi, mo sì máa sọ ọ́ fúnra mi pé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ yẹ kẹ́ ẹ ṣe sí kẹ̀kẹ́ yẹn ò kan iná wẹ́dà rárá, sípánà ló kàn.

Ẹ wo àárín hándùlù, ẹ máa rí kíláǹpù méjì tó gbá a mú, bọ́ọ̀tì mẹ́rin ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ dẹ̀ wọ́n, ẹ má tú wọn tán, kẹ́ ẹ wá ká hándùlù náà bọ̀ sọ́dọ̀ ara yín díẹ̀díẹ̀. Ó máa yà yín lẹ́nu bí ibi ìdìmú ṣe máa sún mọ́ yín láìná kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ti ká a, ọwọ́ bíréèkì àti ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì máa dorí kodò tẹ̀ lé e, ẹ dẹ àwọn náà kẹ́ ẹ gbé wọn sókè padà, kó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá na ìka lé wọn, ọrùn ọwọ́ yín ò ní ká kò. Tẹ́ ẹ bá ń fún bọ́ọ̀tì padà, ẹ máa fún gbogbo wọn díẹ̀díẹ̀ káàkiri, ẹ má fún ọ̀kan tán kẹ́ ẹ tó bọ́ sórí èkejì, kíláǹpù máa ń sán.

Tí ìyẹn ò bá tó, ẹ pààrọ̀ hándùlù. Ọ̀pá hándùlù ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tó wà nígboro, mìlímítà 22 ni fífẹ̀ ẹ̀, ti kẹ̀kẹ́ akẹ́rù púpọ̀ náà sì nìyẹn, torí náà kò yẹ kó ṣòro láti rí èyí tí ẹnu ẹ̀ tẹ̀ wá sẹ́yìn bí ìwo màlúù. Ẹ mú tiyín dání lọ kí wọ́n fi wé e. Àwọn kan tún máa ń fi irin kékeré sábẹ́ kíláǹpù tó ń gbé e sókè tó sì ń tì í bọ̀ lẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá máa ṣe ìyẹn, ẹ lọ bá àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin kí wọ́n gbẹ́ ẹ látinú irin gidi, kì í ṣe páìpù oníhò. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gé ọ̀pá hándùlù láàárín kó wá jó o pọ̀ fún yín, èmi tó ń jórin ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n jó yẹn máa dúró, ó máa dúró dáadáa, títí di ọjọ́ tẹ́ ẹ bá já sí kòtò pẹ̀lú ogún báàgì lẹ́yìn.

Nǹkan mẹ́ta tí wọ́n máa ń gbàgbé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sún hándùlù. Kébù ni àkọ́kọ́. Ẹ ṣáná sí i, ẹ fi sí fírì, kẹ́ ẹ wá yí hándùlù lọ sósì tán, lọ sọ́tùn-ún tán. Tí ẹ́ńjìnnì bá dédé han sókè nígbà tẹ́ ẹ ń yí i, kébù iná ti fà jù, ó ń fún ara ẹ̀ níná nìyẹn, ẹ má gbé e jáde. Tí tiyín bá ní rọ́bà bíréèkì olómi níwájú, kò gbọ́dọ̀ fà kò sì gbọ́dọ̀ ká. Èkejì, ẹ fi ọwọ́ di hándùlù mú dáadáa nígbà tó bá yí tán, kẹ́ ẹ wò ó bóyá àtàǹpàkò yín á há sáàárín òun àti táǹkì. Ẹ̀ẹ̀kẹta, orúnkún. Hándùlù tó bá ti wá sẹ́yìn jù, ẹnu ẹ̀ á máa gbá yín lórúnkún tẹ́ ẹ bá yà.

Tó bá wá di dandan pé kí wọ́n jórin nítòsí ẹ̀, bí ẹsẹ̀ síìtì tí wọ́n bẹ́ yẹn, ẹ tú orí bátìrì kúrò ṣáájú, kẹ́ ẹ gbé táǹkì sọ̀ kalẹ̀ pátápátá, ẹ má fi aṣọ tútù bò ó kẹ́ ẹ ní ó ti tó.

Akẹ́rù_Ágíríìkì

Kí ló dé tẹ́ ò kàn gé ẹnu hándùlù méjèèjì kó kúrú, kó sún mọ́ wọn. Íǹṣì kan kan.

Wẹ́dà_Sábó

Ó ń ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n hándùlù tó kúrú máa ń wúwo láti yí. Gígùn ẹ̀ ló ń ràn yín lọ́wọ́, bí ìgbà téèyàn fi páìpù kún sípánà. Àǹtí yìí ò wá wàhálà, ìrọ̀rùn ni wọ́n ń wá. Kódà tó bá ń wúwo báyìí, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá fọkanáísà kó wo afẹ́fẹ́ táyà iwájú.

OníFíìdì_Ìgbógbó

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n mi ti Ẹ̀pẹ́, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. Mo ṣe é lálẹ́ àná, ọmọ mi obìnrin ló di téèpù mú. Íǹṣì mẹ́rin àti àbọ̀ ló kù fún ọwọ́ ọ̀tún, òsì íǹṣì mẹ́ta àti díẹ̀. Mi ò mọ̀ pé wọn ò dọ́gba, ó jọ pé mò ń jókòó wọ́. Ẹsẹ̀ ńkọ́? Tí mo bá fẹ̀yìn tì dáadáa, bíréèkì ẹsẹ̀ ku íǹṣì méjì kí n tó kàn án.

Bàbá_Àgbálátà

Ọmọ mi, mo ka gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ sọ, ẹnì kankan ò tíì sọ eléyìí. Àgbọn ni mo máa ń kó láti abúlé wá sọ́jà Àgbálátà níbí, ọ̀kadà ni mo sì gùn fún ọdún púpọ̀ kí n tó bọ́ sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ rọra dúró, mo wá sọ ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe lórí ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ ò tíì dúró tán. Táyà ẹ̀yìn gun ẹsẹ̀ mi. Tẹ́ ẹ bá wò ó, táyà ẹ̀yìn yọ síta ju ibi tẹ́sẹ̀ èèyàn wà lọ, ẹ̀yìn gìgísẹ̀ yín gan-an ló ń bọ̀. Bàtà mi fà ya, èékánná ńlá yẹn ò hù dáadáa mọ́ títí dòní. Ẹ jẹ́ kẹ́sẹ̀ yín wà lókè níbi tó yẹ kó wà títí kẹ̀kẹ́ á fi dúró jẹ́ẹ́ tẹ́ ẹ máa fi fa bíréèkì ọwọ́ sókè. Inú mi tiẹ̀ dùn pé ẹsẹ̀ yín ò tólẹ̀.

Ohun kan tún kù. Ọkọ yín wúwo jù yín lọ, àbí? Ara ẹ̀ ló ń tẹ iwájú mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fúyẹ́, tẹ́ ẹ bá kó ẹrù sí ìdí bọ́dì pátápátá, iwájú á fẹ́ẹ́ gbéra, hándùlù á kàn máa yí lásán, kẹ̀kẹ́ á máa lọ tààrà. Ẹ to báàgì látọ̀dọ̀ yín lọ sẹ́yìn, èyí tó wúwo jù kó kan ẹ̀yìn yín, ẹ má to ó ga.

OníFíìdì_Ìgbógbó

Ha, bàbá, ẹ kú ewu. Báàgì kìlógíráàmù 25 ni fíìdì wa, ìdí bọ́dì ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í to ó torí pé ibẹ̀ ló rọ̀ mí lọ́rùn láti já a. Ìyẹn ló fi máa ń ṣe mí bíi pé kẹ̀kẹ́ ò gbọ́ràn.

Mẹkáníìkì_Ìtàmága

Màámi oní fíìdì, ẹ jẹ́ ká sọ ti ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dá síìtì yẹn padà sókè. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ní ẹ gbé e sókè. Ẹ ò lè máa wo títì lábẹ́ irin. Ojú yín ni kó kọ́kọ́ ríbi tó tọ́, lẹ́yìn náà lọwọ́, ká tó wá gbé ilẹ̀ wá bá ẹsẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń bẹ síìtì, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í bára mu.

Akẹ́rù_Ágíríìkì

Tí wọ́n bá gbé síìtì sókè kẹ̀kẹ́ ò ní máa fẹ́ dojú dé níbi tí wọ́n ti ń yà? Mo kàn ń béèrè ni.

Mẹkáníìkì_Ìtàmága

Ìbéèrè gidi ni. Íǹṣì méjì lábẹ́ èèyàn kan tí kò wúwo, kí nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì fíìdì tí wọ́n to ga? Ohun tó ń dojú kẹ̀kẹ́ dé ni eré níbi kọ́nà, àti kéèyàn máa tẹ bíréèkì líle nígbà tó ti yí hándùlù tán. Táyà kan ló wà níwájú, igun iwájú yẹn ló máa ń ṣubú sí. Ẹ dín eré kù kẹ́ ẹ tó débi kọ́nà, tẹ́ ẹ bá ti débẹ̀ kẹ́ ẹ kàn máa yí i lọ.

Ó yá, ẹsẹ̀. Ilẹ̀ ibi tẹ́ ẹ ń gbẹ́sẹ̀ lé, ẹ fi pákó gbé e sókè, kẹ́ ẹ kan rọ́bà mọ́ orí ẹ̀ kó má yọ̀ tójò bá rọ̀. Kí gìgísẹ̀ wà lórí pákó, kí iwájú ẹsẹ̀ bọ́ sórí pẹ́dà láìgbé gìgísẹ̀ kúrò. Pẹ́dà bíréèkì ńkọ́: ẹ má sáré jó nǹkan kan mọ́ ọn. Ẹ gé igi kékeré kan, ẹ fi rọ́bà inú táyà dì í mọ́ orí pẹ́dà gírígírí, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́ nínú ọgbà ilé, kẹ̀kẹ́ má jáde. Ẹ máa mọ̀ bóyá íǹṣì méjì ló tó tàbí ọ̀kan àbọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, kí wọ́n wá fi irin ṣe irú ẹ̀, kí wọ́n lu ihò méjì, bọ́ọ̀tì méjì, wáṣà onísípíríǹgì, nọ́ọ̀tì méjì méjì kó má baà dẹ̀, kẹ́ ẹ gé rọ́bà táyà àtijọ́ lé e lórí. Bọ́ọ̀tì kan ò tó, ó máa ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá nílò ẹ̀ jù.

Pẹ́dà gbọ́dọ̀ ní àyè díẹ̀ kó tó mú, bíi mìlímítà 20 sí 30, nọ́ọ̀tì tó wà nídìí ọ̀pá bíréèkì lẹ́yìn lẹ fi ń tún un ṣe. Tẹ́ ẹ bá fún un jù, bíréèkì á máa fa táyà, ibi dúrọ́ọ̀mù á máa gbóná. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ṣe é, ẹ jáàkì ẹ̀yìn kẹ́ ẹ fi jíà sí fírì kẹ́ ẹ fọwọ́ yí táyà méjèèjì, kó máa yí geere.

Jíà ẹsẹ̀ ló rọrùn jù, àwọn èèyàn ò mọ̀ ni. Ọ̀pá jíà yẹn, eyín wẹ́wẹ́ ló wà lórí irin tó wọ̀. Ẹ tú bọ́ọ̀tì ẹ̀ kúrò tán, ẹ fà á yọ, kẹ́ ẹ yí i ní eyín kan sókè kẹ́ ẹ tì í padà, eyín kan yẹn ti lè tó. Ẹ rántí pé tó bá jẹ́ èyí tó ní iwájú tó tún ní ẹ̀yìn, bí iwájú bá ṣe ń gòkè ni ti gìgísẹ̀ ń wálẹ̀, ẹ wò ó kó má lọ kan pákó tẹ́ ẹ kàn.

Ìyá_Ẹlẹ́ja_Ẹ̀pẹ́

Àbúrò, tẹ́ ẹ bá fẹ́ rán síìtì padà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì ṣe é, ó máa ń dùn lọ́jọ́ kìíní ni, tó bá di oṣù kejì pákó lẹ máa máa gbà nídìí. Kí wọ́n fi èyí tó le sísàlẹ̀, kí fóòmù rírọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ wà lórí. Kí wọ́n sì fá iwájú ẹ̀ lápá ọ̀tún lápá òsì, níbi tí itan máa ń wà, kó tẹ́ẹ́rẹ́. Síìtì tó gbòòrò níwájú máa ń ya ẹsẹ̀ ẹni tó kúrú síta ni, bí íǹṣì kan lẹ máa jèrè níbẹ̀ nìkan.

Ṣọ́ọ̀bù_Ẹbúté

Ìyá mi, ẹ ti di ẹ́ńjínnìà.

OníFíìdì_Ìgbógbó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì, mo ní kí n wá jíṣẹ́ kẹ́ ẹ má baà ní mo gba ìmọ̀ràn tán mo sá lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sípánà bí bọ̀dá wẹ́dà ṣe wí. Ẹ má rẹ́rìn-ín, hándùlù yẹn ti ká síwájú tẹ́lẹ̀, ó dájú pé ọkọ mi ló ká a bẹ́ẹ̀ torí ọwọ́ ẹ̀ tó gùn. Bí mo ṣe ká a padà ni íǹṣì méjì dínkù lójú ẹsẹ̀. Mo wá so ìrọ̀rí mọ́ ẹ̀yìn, mo lò ó fún ọjọ́ mẹ́rin, lẹ́yìn náà ni mo ní kí wọ́n ṣe ti píláńkì, íǹṣì mẹ́ta. Mi ò ra hándùlù tuntun mọ́. Nígbà tí ọmọ mi tún wọ̀n mí, ìgùnpá ọ̀tún tẹ̀ díẹ̀, ti òsì náà tẹ̀.

Ẹsẹ̀ síìtì, wẹ́dà míì ló bá mi fi kún un padà, a gbé táǹkì sọ̀ kalẹ̀ a sì tú bátìrì bẹ́ ẹ ṣe wí. Ó fẹ́ máa bínú pé mò ń kọ́ òun níṣẹ́. Fóòmù náà, wọ́n ṣe é, wọ́n fá iwájú ẹ̀. Irin gíláàsì yẹn ti wà nísàlẹ̀ ojú mi báyìí, mò ń rí títì látòkè ẹ̀, kòtò kan wà nítòsí ilé wa tí mo ti ń já sí láti oṣù mẹ́rin, mi ò mọ̀ pé mo lè rí i láti òkèèrè báyẹn.

Ti pẹ́dà ló gba wàhálà. Igi àkọ́kọ́ tí mo dì mọ́ ọn, íǹṣì méjì, ó pọ̀ jù, torí pé ara mi ti sún síwájú pẹ̀lú nǹkan ẹ̀yìn yẹn, mo sì ti kan pákó sílẹ̀. Mo gé e di íǹṣì kan péré. Bí ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì ò bá sọ pé kí n fi igi dán an wò ni, irin íǹṣì méjì ni mi ò bá ti ṣe, mi ò bá tún máa gbẹ́sẹ̀ sókè bí ẹni tó ń gun àkàbà. Jíà, eyín kan, ó ti tó.

Mo yípo nítòsí Ìta Ẹlẹ́wà láàárọ̀ àná pẹ̀lú báàgì mẹ́rìndínlógún. Bí mo ṣe yí i sósì, ẹ̀yìn mi ò kúrò níbi tí mo fi tì, ọwọ́ mi ò fún un níná. Agbèrò kan tó máa ń bú mi níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kàn ń wò mí.

Bàbá_Àgbálátà

Ẹ kú oríire. Ẹrù ńkọ́?

OníFíìdì_Ìgbógbó

Ẹ̀yìn mi ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ báyìí bàbá. Ó ń rẹ̀ mí tí mo bá ń já a, ṣùgbọ́n hándùlù ti ń gbọ́ràn.

Wẹ́dà_Sábó

Ẹ padà fún bọ́ọ̀tì kíláǹpù, ti pẹ́dà àti ti nǹkan ẹ̀yìn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan o. Bọ́ọ̀tì tuntun máa ń dẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti gba gbígbọ̀n.

OníFíìdì_Ìgbógbó

Màá ṣe é lọ́la. Ìṣòro kan ló kù báyìí. Ọkọ mi wálé ní Sátidé, ó fẹ́ fi gbé sìmẹ́ǹtì fún ọ̀rẹ́ ẹ̀, bó ṣe jókòó orúnkún ẹ̀ gbá hándùlù ní méjèèjì, pákó ilẹ̀ tún ká ẹsẹ̀ ẹ̀ kò bíi ti ọmọ tó jókòó sínú baàfù.

Mẹkáníìkì_Ìtàmága

Ẹ fi nọ́ọ̀tì elétí sí nǹkan ẹ̀yìn yẹn, ìyẹn tí wọ́n ń fọwọ́ tú, kẹ́ ẹ má sì kan pákó mọ́lẹ̀, bọ́ọ̀tì ni kẹ́ ẹ fi sí i. Ó lè yọ méjèèjì láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún tóun bá fẹ́ gùn ún. Hándùlù nìkan ni kò ní lè máa ká síwá sẹ́yìn.

OníFíìdì_Ìgbógbó

Mo ti sọ fún un. Ó ní kí n kúkú ká hándùlù padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, pé kẹ̀kẹ́ òun ni. Mo ní sìmẹ́ǹtì tó fẹ́ gbé yẹn, kó wá kẹ̀kẹ́ tiẹ̀ fi gbé e.